Ògiri Tó Ti Ṣá: Àwọ̀ àti Ètò Nínú Àwòrán Yàrá Van Gogh

Àwòrán yàrá tí Vincent van Gogh fi ọ̀dà olóróró yà ní ìlú Arles, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, lóṣù October ọdún 1888, wà lára àwọn àwòrán inú ilé tí aráyé mọ̀ jù lọ. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga méjì, tábìlì kékeré kan, fèrèsé kan, ilẹ̀kùn méjì, dígí, àti àwòrán mélòó kan lára ògiri. Kò sí èèyàn kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá wò ó ló ń sọ pé ọkàn àwọn ò balẹ̀ nínú yàrá yìí. Wọ́n á ní ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ dagẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀dì fẹ́ yọ̀ bọ́ síta, wọ́n á ní ògiri ẹ̀yìn wọ́.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ìsinmi gan-an ni ayàwòrán náà sọ pé òun fẹ́ fi hàn. Ní October 16, 1888, ó kọ lẹ́tà sí Theo àbúrò rẹ̀ pé kí ẹni tó bá rí àwòrán náà lè fi sinmi ọpọlọ. Lọ́jọ́ kejì ó kọ òmíràn sí Paul Gauguin, ayàwòrán ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń retí pé kó wá bá òun gbé, ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn náà ló sì tún tẹnu mọ́.

Ṣé kò mọ̀ ọ́n ṣe ni? Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun méjì ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwòrán yìí. Ètò rẹ̀, ìyẹn bí ó ṣe to nǹkan síbẹ̀ àti ibi tí ìlà kọ̀ọ̀kan forí lé, ń ti ojú síwá sẹ́yìn. Àwọ̀ ló yẹ kó pẹ̀tù sí i. Àmọ́ àwọ̀ tó yẹ kó pẹ̀tù yẹn ti ṣá, ó wá ku ètò nìkan tó ń pariwo. Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí Van Gogh rí ní láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, kó yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kó tó dá wọn pa dà pọ̀.

Èyí tí à ń wò, àti ohun tí a fi máa wò ó

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Van Gogh ya yàrá yìí. Èkíní ló wà ní Van Gogh Museum ní Amsterdam. Ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 72.4, ó sì fẹ̀ ní 91.3. Omi bà á jẹ́ nígbà tí ayàwòrán náà wà ní ọsibítù. Theo wá dá a pa dà ránṣẹ́ sí i pé kó kọ́kọ́ ya ẹ̀dà rẹ̀ kí wọ́n tó tún kánfáàsì náà ṣe. Bí ó ṣe ya èkejì nìyẹn ní ìlú Saint-Rémy, lóṣù September 1889. Títóbi èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, Art Institute of Chicago ló sì wà. Ẹ̀kẹta kéré sí wọn, sẹ̀ǹtímítà 57.5 ní gíga àti 74 ní fífẹ̀. Ìyá rẹ̀ àti Willemien àbúrò rẹ̀ obìnrin ló yà á fún, ó sì wà ní Musée d'Orsay ní Paris báyìí. Èkíní ni màá máa sọ, àfi níbi tí mo bá ti dárúkọ òmíràn.

Ẹ má fi àwòrán tí ẹ kàn rí níbikíbi lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣiṣẹ́. Àwọn kan ti fi kún yẹ́lò rẹ̀ kó lè tàn, àwọn kan ti sọ ògiri di aró. Orí ìkànnì ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbé e. Bí ẹ bá ń wò ó lórí fóònù, ẹ pa ètò tó máa ń mú kí ojú fóònù pọ́n lálẹ́, torí pé búlúù ló máa ń dín kù. Ògiri á wá rí bí eérú, ẹ ó sì máa ṣàlàyé àwọ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ tẹ àwòrán náà jáde lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan aláwọ̀, ọ̀kan dúdú àti funfun. Bí ẹ bá fi fífẹ̀ rẹ̀ sí sẹ̀ǹtímítà 24, gíga rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 19. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti gé etí rẹ̀ kan. Ìyẹn kì í sì í ṣe ohun kékeré nínú àwòrán yìí, torí pé àwọn ilẹ̀kùn tó wà létí ọ̀tún àti òsì ní iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ẹ tún wá bébà tó mọ́ gaara tí a fi ń da àwòrán kọ, rúlà, pẹ́ńsùlù, àti páálí aláwọ̀ eérú kan. Ẹ lu ihò kan sáàárín páálí náà, kí ihò náà tó mìlímítà 5.

Ihò yẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ orúkọ. Ọpọlọ wa ti mọ̀ pé "ògiri búlúù" ni, torí náà kì í wo ògiri mọ́. Ẹ gbé páálí lé ògiri ẹ̀yìn, ẹ sún un díẹ̀díẹ̀ láti òsì lọ sọ́tùn-ún: búlúù tí ẹ ó rí nínú ihò náà kì í ṣe ẹyọ kan. Ibì kan fà sí àwọ̀ ewé, ibì kan funfun jù, ibì kan ṣú. Ẹ ṣe bákan náà fún ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ ó rí i pé ohun tí a kàn ń pè ní pupa jẹ́ pupa, bíráùn àti eérú tó lọ́ mọ́ra.

Àwọ̀ bí ó ṣe tò wọ́n

Oríire wa ni pé Van Gogh fọwọ́ ara rẹ̀ to àwọn àwọ̀ náà sínú lẹ́tà. Ó ní ògiri jẹ́ elése àlùkò tó fẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ jẹ́ pupa, bẹ́ẹ̀dì àti àga jẹ́ yẹ́lò bíi bọ́tà tuntun. Aṣọ ìtẹ́lébẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí jẹ́ àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tó fà sí ti lẹ́mọ́ọ̀nù, kúbùsù pupa fòò, fèrèsé jẹ́ àwọ̀ ewé. Tábìlì ìbọ́jú ní àwọ̀ ọsàn, bàsíà orí rẹ̀ jẹ́ búlúù, àwọn ilẹ̀kùn sì jẹ́ elése àlùkò. Nínú lẹ́tà sí Gauguin, ó fi kún un pé ibi kan ṣoṣo tí funfun wà ni dígí kékeré tó ní férémù dúdú, ó sì ní òun fi í síbẹ̀ kí àwọ̀ méjì-méjì tó ń dojú kọ ara wọn lè pé mẹ́rin.

Gbólóhùn yẹn ni kọ́kọ́rọ́ àwòrán náà. Ìmọ̀ tó wà nídìí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú: Michel Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ aró níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ ògiri ní Gobelins ní Paris, tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde lọ́dún 1839, Van Gogh sì ka ìwé Charles Blanc tó gbé ìmọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán. Ohun tí wọ́n ń sọ rọrùn. Pupa, yẹ́lò àti búlúù ni ìpìlẹ̀. Bí o bá po méjì nínú wọn, àwọ̀ tó jáde ni ìkejì ẹni kẹta tí kò sí nínú rẹ̀. Torí náà elése àlùkò ni ìkejì yẹ́lò, àwọ̀ ewé ni ìkejì pupa, àwọ̀ ọsàn ni ìkejì búlúù. Fi àwọn méjì bẹ́ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, olúkúlùkù á túbọ̀ mú. Pò wọ́n pọ̀, wọ́n á pa ara wọn di eérú.

Ẹnikẹ́ni lè ka òfin yẹn. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú iṣẹ́ Van Gogh níbí ni bí ó ṣe fi ìwọ̀n sí i. Elése àlùkò àti yẹ́lò ló fún ní ilẹ̀ tó pọ̀ jù, ìyẹn ògiri mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó hàn, bẹ́ẹ̀dì tó gba apá ọ̀tún, àti àga méjèèjì. Pupa àti àwọ̀ ewé tẹ̀ lé e: kúbùsù ní ìsàlẹ̀, fèrèsé lókè, ìrọ̀rí àti aṣọ ìtẹ́lébẹ́ẹ̀dì sì tún gbé àwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ wá síbi tí kúbùsù pupa parí sí. Búlúù àti àwọ̀ ọsàn kéré gan-an, igun òsì lẹ́yìn lọ́hùn-ún lórí tábìlì nìkan ni wọ́n wà. Dúdú àti funfun ló kéré jù, kò ju dígí yẹn lọ. Ńlá, àárín, kékeré, bíńtín. Bí ó bá fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n kan náà, ìjà ni ì bá jẹ́. Bí ó ṣe sọ wọ́n di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yìí ni ìsinmi tó ń sọ wà, bó ṣe yé mi sí.

Ẹ fi àtàńpàkò bo kúbùsù pupa mọ́lẹ̀ lórí èyí tí ẹ tẹ̀ jáde. Lójú ẹsẹ̀ ni ojú yín á fò gba orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ sí fèrèsé, kò ní dúró níbì kankan. Ẹ gbé ọwọ́ kúrò, ẹ ó rí i pé kúbùsù náà ló ń dá ojú dúró lójú ọ̀nà. Ẹ wá wo ibẹ̀ náà lórí èyí tó jẹ́ dúdú àti funfun. Pupa tó ń pariwo tẹ́lẹ̀ ti rì, ó ti di eérú láàárín àwọn eérú mìíràn. Èyí fi hàn pé àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló fi ń pariwo, kò fi mímọ́lẹ̀ tàbí ṣíṣókùnkùn rẹ̀ ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni kò rí fún ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí mọ́lẹ̀ nínú àwọ̀, ó mọ́lẹ̀ nínú dúdú àti funfun pẹ̀lú, torí náà ó máa ń pe ojú ní gbogbo ọ̀nà.

Ohun tó kúrò lára ògiri

Ẹ wo ohun tó wà níwájú yín báyìí. Níbo ni elése àlùkò náà wà? Ògiri ti di búlúù. Àwọn ilẹ̀kùn náà ti di búlúù, wọ́n kàn ṣú ju ògiri lọ ni.

Van Gogh ò purọ́ nínú lẹ́tà. Láti rí elése àlùkò, ó ní láti po búlúù mọ́ pupa. Búlúù tó lò, ara mínírà ló ti wá, ìmọ́lẹ̀ kì í sì í tètè ràn án. Pupa tó lò jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń pè ní lake: aró ni wọ́n ń mú, irú èyí tí wọ́n ń rí lára kòkòrò cochineal, wọ́n á wá so ó mọ́ lẹ́búlẹ́bú tí kò ní àwọ̀ kó lè di ọ̀dà. Ó lẹ́wà, ó mọ́ gaara, ayàwòrán sì lè fi tẹ́ẹ́rẹ́ rẹ̀ yí àwọ̀ padà. Àmọ́ aró ṣì ni, ìmọ́lẹ̀ ń já a. Ọdún ń gorí ọdún, pupa ń kúrò, búlúù ń dúró. Àwọn tó fi ẹ̀rọ tó ń mú ohun bíńtín tóbi lójú (microscope) yẹ ọ̀dà ara èyí tó wà ní Chicago wò ṣì bá pupa lake náà nínú ọ̀dà ògiri. Etí kánfáàsì tí férémù bá bò nínú àwòrán ìgbà yẹn ló máa ń pa irú àwọ̀ báyìí mọ́ jù, torí pé ìmọ́lẹ̀ kì í débẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìtàn yìí, wọ́n á sì ní, "Ó dáa, ògiri ti yí padà," wọ́n á kọjá. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí a dúró, torí pé kì í ṣe ògiri nìkan ló yí. Gbogbo ìbátan tó wà láàárín àwọn àwọ̀ náà ló yí.

Ẹ wo bàsíà orí tábìlì. Nígbà tí ògiri jẹ́ elése àlùkò, bàsíà náà ni búlúù kan gbòógì tó wà nínú yàrá, ó sì jókòó sórí àwọ̀ ọsàn ìkejì rẹ̀. Ohun kékeré tó dá yàtọ̀ ni. Nísinsìnyí tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ti di búlúù, bàsíà ti rì sínú ògiri, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣòro láti rí i bí ènìyàn ò bá wá a. Èyí tó tiẹ̀ wá burú jù ni pé búlúù àti àwọ̀ ọsàn, tó yẹ kó jẹ́ méjì kékeré ní igun, ti wá gba gbogbo àwòrán: ògiri búlúù ńlá ló wá dojú kọ bẹ́ẹ̀dì tí yẹ́lò rẹ̀ fà sí àwọ̀ ọsàn. Àbúrò ti di ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n tí ayàwòrán fi ṣọ́ra gbé kalẹ̀ ti dojú rú.

Ẹ wo ilẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú. Pupa wà nínú elése àlùkò. Torí náà nígbà tí ògiri ṣì ní pupa lára, ó bá ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tan, ó bá kúbùsù tan, ooru kan náà ló ń lọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ògiri búlúù ò bá ẹnikẹ́ni tan nísàlẹ̀. Ṣe ni ó yọ ara rẹ̀ kúrò, ó tutù, ó sì fà sẹ́yìn, torí pé lójú wa búlúù máa ń jìnnà, pupa àti yẹ́lò máa ń sún mọ́ni. Bẹ́ẹ̀dì wá ń sún síwájú, ògiri ń sá sẹ́yìn. Lára ìdí tí àwọn èèyàn fi ń sọ pé bẹ́ẹ̀dì fẹ́ bọ́ síta nìyí, wọ́n sì máa ń rò pé ìlà nìkan ló fà á.

Ẹ má gba èyí gbọ́ lásán, ẹ dán an wò. Ẹ mú ọ̀dà àkíríìkì funfun ìwọ̀n mẹ́fà, búlúù cobalt ìwọ̀n kan, àti ìlàjì ìwọ̀n kan pupa quinacridone rose. Ẹ po funfun mọ́ búlúù ná, kí ẹ wá máa fi pupa sí i díẹ̀díẹ̀, torí pé pupa yìí lágbára, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gba gbogbo rẹ̀. Ẹ má lo cadmium red: yẹ́lò wà lára rẹ̀, yẹ́lò àti elése àlùkò á sì pa ara wọn, eérú ìdọ̀tí ni ẹ ó rí. Àkíríìkì máa ń ṣú díẹ̀ bí ó bá gbẹ, torí náà kí èyí tó tutù funfun ju ohun tí ẹ fẹ́ lọ díẹ̀. Ẹ kun bébà líle kan, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ gé e bá ìrísí ògiri ẹ̀yìn, kí ẹ sì gé ibi tí fèrèsé, dígí, àwòrán ara ògiri àti orí bẹ́ẹ̀dì wà kúrò. Ẹ wá gbé e lé àwòrán.

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí ẹ máa wò. Àkọ́kọ́, bàsíà á jáde. Èkejì, yẹ́lò bẹ́ẹ̀dì á dà bíi pé ó ti fi àwọ̀ ọsàn ara rẹ̀ sílẹ̀, á súnmọ́ bọ́tà tí lẹ́tà sọ. Ẹ̀kẹta, àlàfo tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri á dín kù. Bí ẹ̀kẹta ò bá ṣẹlẹ̀, ó ṣeé ṣe kí elése àlùkò yín ṣú jù; ẹ fi funfun kún un. Àwọn tó bá fẹ́ fi fóònù tàbí kọ̀ǹpútà ṣe é lè yí búlúù sí elése àlùkò nínú ohun èlò àtúnṣe fọ́tò, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fi àmì yí ògiri ká, torí pé bí wọ́n bá yí gbogbo búlúù pọ̀, bàsíà náà á yí, ìdánwò ọ̀hún á sì di asán.

Ètò: ìlà tí kò fẹ́ pàdé

Ká wá sórí ìlà. Ẹ gbé bébà gaara lé àwòrán, ẹ fi rúlà fa ìlà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì gùn wọlé sẹ́yìn. Ẹ fa ìlà pákó ilẹ̀ẹ́lẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ fa etí òkè àti ìsàlẹ̀ àwọn àwòrán tó wà lára ògiri ọ̀tún, àti etí ìjókòó àga tó wà níwájú lápá òsì. Nínú yàrá tí wọ́n fi òfin ìjìnnà yà, gbogbo ìlà tó ń lọ sẹ́yìn pa pọ̀ gbọ́dọ̀ forí sọ ojú kan. Àwọn ìlà yìí ò ní pàdé lójú kan. Wọ́n á tú ká yí agbègbè fèrèsé ká, àga á sì bá ti ẹ̀ lọ.

Èyí ló fi ilẹ̀ẹ́lẹ̀ hàn bí ibi tó dagẹ̀rẹ̀. A ń rí ìjókòó àga láti òkè bíi pé a dúró tì í, a sì tún ń wo ògiri ẹ̀yìn bíi pé a jókòó. Ẹni tó jókòó sínú yàrá kékeré tó ń yà á kò lè rí i tán lẹ́ẹ̀kan náà. Yóò wolẹ̀, yóò gbójú sókè, yóò yíjú sọ́tùn-ún. Van Gogh fi ìwò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ bí ó ṣe rí, kò fi agbára mú wọn dọ́gba. Mo kà á sí òótọ́ inú.

Ní ti ògiri ẹ̀yìn tó wọ́, bí ilé náà ṣe rí nìyẹn. Igun yàrá náà kì í ṣe igun tó dọ́gba. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí ìwọ́ yìí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí àìsàn ọpọlọ. Àríwísí burúkú gbáà ni. Àwòrán yìí ti wà nílẹ̀ lóṣù October. December 23, 1888 ni ìdààmú tó mú kó gé etí ara rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ń wá àìsàn nínú igun ògiri kò ní rí igun ògiri náà mọ́. Ilé ọ̀hún kò sí níbẹ̀ mọ́ tí a ì bá lọ wọn igun náà: bọ́ǹbù bà á jẹ́ ní June 25, 1944.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ètò náà ni òjìji tí kò sí. Ó sọ ọ́ nínú lẹ́tà sí Theo pé òun ti mú òjìji kúrò, pé òun fi àwọ̀ pẹrẹsẹ kun ún bíi ti àwòrán àwọn ará Japan. Ẹ wo ẹsẹ̀ àga tó wà níwájú. Òjìji ló máa ń so ẹsẹ̀ àga mọ́ ilẹ̀ nínú àwòrán. Níbi tí kò ti sí, àga lè léfòó. Kí ló wá dì í mú? Ìlà pákó ló kọ́kọ́ dì í, torí pé ẹsẹ̀ àga gé wọn láàárín, ojú sì mọ̀ pé ohun tó gé òmíràn ló wà níwájú. Ìlà dúdú tó yí igi àga àti bẹ́ẹ̀dì ká tún ràn án lọ́wọ́, ó sọ ibi tí nǹkan parí sí láìsí òjìji. Ẹ̀kẹta ni ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀. Ẹ sún àwòrán náà mọ́ ojú lórí kọ̀ǹpútà: lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé pákó lọ sẹ́yìn, lára pátákó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ̀ lé igi, ọ̀dà náà sì nípọn débi pé ó yọ sókè, lórí ìjókòó àga, ó kúrú, ó ń lọ bí koríko tí wọ́n hun. Búrọ́ọ̀ṣì ń ṣe iṣẹ́ tí òjìji ì bá ṣe. Bí ẹ bá ń kọ́ ọ̀nà yìí tí nǹkan inú àwòrán yín ń léfòó, ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì tó ń lọ sí ọ̀nà kan náà níbi gbogbo ló sábà máa ń fà á.

Ojú ń gba ìsàlẹ̀ wọlé, níbi tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ti ṣófo láàárín àga iwájú àti bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀nà tóóró kan ni. Ó lọ bá àga kejì, ó dé fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ti dá a padà, torí pé fèrèsé náà kò fi ohunkóhun tó wà níta hàn. Dígí gbà á, àwọn àwòrán ara ògiri darí rẹ̀ sọ́tùn-ún, ìrọ̀rí pè é sílẹ̀, pákó bẹ́ẹ̀dì sì sìn ín padà síwájú. Yípo ni. Ilẹ̀kùn òsì, tó lọ sí yàrá tí ó ń tọ́jú de Gauguin, àti ti ọ̀tún, tó lọ síbi àtẹ̀gùn, ló dí etí méjèèjì kí ojú má baà jò jáde. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má lo èyí tí wọ́n gé létí nìyẹn.

Ẹ tún kà nǹkan méjì-méjì tó wà níbẹ̀: àga méjì, ìrọ̀rí méjì, ilẹ̀kùn méjì, àwòrán ojú èèyàn méjì lókè bẹ́ẹ̀dì. Nínú èyí tó wà ní Amsterdam, Eugène Boch, ayàwòrán ará Belgium, àti Paul-Eugène Milliet, ọmọ ogun, ni àwòrán ojú méjèèjì. Nǹkan ń lọ ní méjì-méjì gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ṣe ń lọ ní méjì-méjì. Bẹ́ẹ̀dì nìkan ló dá wà, ó sì tóbi.

Férémù

Ohun kan ṣì wà tí àwọn tó ń ṣàlàyé àwòrán yìí kì í sábà dé orí rẹ̀. Van Gogh kọ ọ́ sí Theo pé nítorí pé kò sí funfun nínú àwòrán náà (kò ka ti dígí bíńtín yẹn sí), férémù rẹ̀ máa jẹ́ funfun. Ó ti ṣírò férémù mọ́ àwọ̀.

Ẹ gé páálí funfun tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ tò ó yí èyí tí ẹ tẹ̀ jáde ká. Bébà tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ti ní etí funfun tẹ́lẹ̀, torí náà ẹ kọ́kọ́ gé etí yẹn kúrò, kí ẹ gbé àwòrán lé orí ohun tó ṣú, kí ẹ tó to páálí, kí ìyàtọ̀ lè hàn. Ìrọ̀rí tí ojú ti ń pè ní funfun látìgbà yìí á fi àwọ̀ ewé rẹ̀ hàn, torí pé funfun gidi ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ mú páálí funfun kúrò, ẹ fi èyí tó ní àwọ̀ wúrà rọ́pò rẹ̀: yẹ́lò bẹ́ẹ̀dì á rẹ̀ sílẹ̀, torí pé yẹ́lò mìíràn ti yí i ká, ìrọ̀rí á sì tún padà di funfun. Ẹ wá gbé bébà elése àlùkò tí ẹ kùn lé ògiri lẹ́ẹ̀kan sí i, kí férémù funfun sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a ṣe lè sún mọ́ ohun tó wà lórí kánfáàsì ní October 1888 tó nìyẹn, láìlo ju páálí àti ọ̀dà mẹ́ta lọ.